Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Di Aláìní Lórí Ìwé

Tí mo bá wà níwájú ẹ̀gbọ́n mi, "ẹ" ni mo ń lò fún un, nítorí ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe tọ́ wa. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, "ó" ni màá máa pè é. Ọ̀wọ̀ tó ṣẹ́ kù fún un lọ́wọ́ mi kò tó ohun tí èèyàn ń fi "wọ́n" sọ.

Búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe. Ó ní àgbàlá ńlá kan lẹ́bàá títì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, òkìtì iyanrìn méjì, ibi ìkó-sìmẹ́ńtì-sí tí wọ́n fi páànù bò, òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá, àti ọkọ̀ típà méjì tó ń kó ẹrù káàkiri láti òwúrọ̀. Ilé alájà tó ń gbé, búlọ́ọ̀kù ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Ọ̀gá Búlọ́ọ̀kù làwọn èèyàn ń pè é, orúkọ yẹn sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá wa sọ ọ́ lọ.

Èmi ní tèmi, ojú fèrèsé ìforúkọsílẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí ní ọsibítù ìjọba. Aláìsàn tó bá wọlé, èmi ló kọ́kọ́ ń rí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lórí àga yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà kò sì ṣeé fi yangàn. Owó ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè nígbà náà. Kò sówó, kò sí káàdì. Kò sí káàdì, dókítà ò ní wo èèyàn. Mo ti ní kí ọkùnrin tó ń bi ẹ̀jẹ̀ lọ wá owó wá. Obìnrin kan gbé ọmọ wá lọ́jọ́ kan, ara ọmọ náà gbóná bí ìkòkò orí iná, mo ka owó tó mú wá, mo ní kò tíì pé. Ó ní òun á sáré lọ wá èyí tó kù. Kò padà wá mọ́. Mi ò wádìí ohun tó fà á, nítorí ẹ̀rù ohun tí mo lè gbọ́ ń bà mí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ara mi ni mò ń fọ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, ìjọba ṣòfin tuntun. Gbogbo ẹni tí nǹkan bá ń wọlé fún ni yóò máa san owó-orí ìlera, kálukú ní ìwọ̀n agbára rẹ̀, olówó á san tolówó, mẹ̀kúnnù á san díẹ̀, wọn á sì kó o jọ sójú kan fún ìtọ́jú gbogbo ará ìlú. Ẹni tára rẹ̀ ò bá yá, kó ṣáà ti wá. Lọ́jọ́ tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, káfíńtà ọsibítù wá tú àpótí owó tó wà níwájú mi, ó gbé e lọ. Ihò ìṣó mẹ́rin ló kù lórí tábìlì. Aláìsàn àkọ́kọ́ dúró síwájú mi, mi ò mọ ohun tí ǹ bá bi í. Nígbà tí mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Kí ló ń ṣe yín?" Lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí màá fi ìbéèrè yẹn ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ owó-orí yìí dun ẹ̀gbọ́n mi dé egungun. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tá a bá pàdé nílé ìyá wa, ó di dandan kó wàásù. Ó ní òun ò lè máa làágùn kí àwọn ọ̀lẹ máa fi gbàtọ́jú. Ó ní ìjọba fẹ́ fi òun ṣe màlúù tí wọ́n á máa fún wàrà. Ìyá wa á máa mi orí sí i, àpò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ wa ní ọsibítù á sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi kì í dá sí i. Mo rò pé ariwo lásán ni, pé tó bá pariwo tán, á lọ sanwó rẹ̀ bíi ti gbogbo ayé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lọ́dún kẹta òfin náà, ni mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Típà kan já wọ inú ọgbà ọsibítù. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé ẹnì kẹrin sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì bo gbogbo wọn títí dé ìpéǹpéjú. Wọ́n fi àpò sìmẹ́ńtì tó ti ṣófo wé ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà, ẹ̀jẹ̀ sì ti jẹ gbogbo àpò náà. Mo dá ọkọ̀ mọ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò sọ fún wọn pé ọ̀gá wọn ni ẹ̀gbọ́n mi, àwọn náà ò sì mọ̀ mí.

Jẹ́jẹ́ lorúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó fara pa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ búlọ́ọ̀kù ló gbá a lọ́wọ́ mú. Nígbà tí mo rí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ìrora yẹn, ó yé mi ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mò ń sáré kọ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n lè tètè gbé e wọlé, ó ní kí n fara balẹ̀.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, aǹtí," ló wí. "Èmi náà ń san owó ìlera. Gbogbo ìparí oṣù ni ọ̀gá máa ń yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ mi. Mo mọ̀ pé ó lọ́jọ́ tó máa wúlò."

Nọ́ọ̀sì tì í wọlé. Àyè kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi tá a ti ń kọ orúkọ ilé iṣẹ́ aláìsàn. Mo tẹ orúkọ àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tún un tẹ̀, mo yí lẹ́tà rẹ̀ padà, bóyá èmi ni mo ṣì í kọ. Ohun kan náà ló sọ. Láti ọjọ́ tí òfin ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò san nǹkan kan láti àgbàlá yẹn, yálà fún Jẹ́jẹ́ ni o, yálà fún àwọn mẹ́tàlá yòókù.

Wọ́n tọ́jú Jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú gbogbo èèyàn, nítorí òfin kò ní ká béèrè ẹni tó san. Dókítà dúró tì í fún bíi wákàtí mẹ́ta. Wọ́n gé ìka méjì, wọ́n gba mẹ́ta là. Mi ò sọ ohun tí mo rí fún un. Ẹni tó ti pàdánù ìka méjì lọ́jọ́ kan, èyí tó ti pàdánù yẹn tó o.

Nígbà tí mo ṣíwọ́, àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbà lọ tààrà. Oòrùn ṣì mú. Wọ́n ti da omi sí ẹ̀rọ náà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mi ò rí rí sì ti dúró sídìí rẹ̀, ó ń tẹ búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sábẹ́ páànù, ó ń jẹ́ kí fáànù kékeré kan fẹ́ sí i láyà. Ó kí mi dáadáa, ó ní kí wọ́n lọ ra nǹkan tútù fún mi. Ó béèrè Jẹ́jẹ́. Mo sọ ohun tí dókítà ṣe. Ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó ìlera tí ẹ ń yọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí, ibo ló ń lọ?"

Kò tiẹ̀ ta pútú. Ó ní òun ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Mo ní títí di ìgbà wo. Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tí kò mọ ìṣirò.

"Ṣé wọ́n lé Jẹ́jẹ́ padà ní ọsibítù yín ni?"

"Wọn ò lé e."

"Ṣé wọ́n gbowó lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Wọn ò gbà."

"Ó dáa. Tí wọ́n bá ń tọ́jú ẹni tó san, tí wọ́n ń tọ́jú ẹni tí ò san, ta wá ni òmùgọ̀ tó ń san?"

Mo ní àwọn tó san ló ra òwú tí wọ́n fi rán ọwọ́ Jẹ́jẹ́. Ó ní kí Ọlọ́run san án fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa káàdì kan yọ nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ láti fi hàn mí. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní rárá, pé kí wọ́n má san nǹkan kan. Ìwé ẹ̀rí wọn ni ẹ̀gbọ́n mi mú dání. Orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wà nísàlẹ̀ gàdàgbà: ALÁÌNÍ. Ó sọ fún wọn pé òun ń ta búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, pé ìgbà mìíràn òun kì í rí tà. Típà méjèèjì, orúkọ ìyá wa ló fi gba ìwé wọn. Ó ń yí káàdì náà síwá sẹ́yìn bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ. Ó ní ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, pé orúkọ tọdún yìí ti wà lára ògiri káńsù, pé kò sẹ́ni tó máa ń kà á.

Nígbà tí mo dìde, ó ní tó bá jẹ́ pé owó ni mo wá, kí n sọ. Nǹkan tútù tí wọ́n rà dé, mi ò mu ún.

Ní ọjọ́ kejì, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ sí káńsù. Wọ́n lẹ orúkọ àwọn aláìní mọ́ ògiri ọ̀nà àbáwọlé, ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa lò níbẹ̀, kí ẹni tó bá ní àtakò lè mú un wá. Mo rí orúkọ àwọn tí mo mọ̀ níbẹ̀. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó ń bá èèyàn fọṣọ, tí eegun ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́. Mo rí ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó máa ń wá gba oògùn lọ́dọ̀ wa. Láàárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀gbọ́n mi dúró sí, gẹ́gẹ́ bí ẹni àádọ́ta-lé-lẹ́gbẹ̀rin. Mo wò ó títí. Kì í ṣe pé ó jalè nìkan, ó tún wá jókòó sáàárín àwọn tí kò ní, ó ń gba àyè mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mo gba fọ́ọ̀mù àtakò. Òfin ò gbà kéèyàn fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́. Ibì kan wà tí wọ́n ti béèrè ohun tí ẹni tí mò ń ta kò jẹ́ sí mi, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀. Akọ̀wé tó gbà á, bàbá kan tó wọ awò tó nípọn, kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọmọ ìyá?" ló bi mí.

"Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá."

Ó yọ awò, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó sì gbá òǹtẹ̀ lé e.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ nílé, wọ́n sì sọ ọ́. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi ló san owó ilé-ìwé mi fún ọdún mẹ́ta. Òótọ́ ni, mi ò sẹ́ ẹ rí, àwọn ará ilé ò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo kọ fọ́ọ̀mù náà, ìwé ìpè ọ́fíìsì owó-orí dé ọwọ́ rẹ̀, ìyá wa sì ránṣẹ́ pè mí. Ìyá wa wà lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, àbúrò bàbá wa jókòó tì í, ẹ̀gbọ́n mi dojú kọ ògiri. Ìyàwó rẹ̀ náà wá, ó ń yí ẹ̀gbà wúrà mẹ́ta ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbà wúrà ìyàwó aláìní.

Àbúrò bàbá wa sọ̀rọ̀ fún bíi ìdajì wákàtí. Ó sọ nípa ilé, ó sọ nípa orúkọ, ó sọ nípa ohun tí àwọn ọ̀tá máa sọ. Kò sọ ohun kan nípa owó tí wọ́n yọ lọ́wọ́ ẹni mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí wa.

"Mo rán an níléèwé," ló wí, "ó wá fi ìwé tó kọ́ kọ orúkọ mi."

Ìyá wa ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù náà padà. Tó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni mí, ǹ bá dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin ni mí, nítorí náà mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní mo gbọ́, pé mo dúpẹ́ owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ dá owó Jẹ́jẹ́ padà, kí ó gbé e lọ síbi tó yẹ kó gbé e lọ.

"Ìyẹn?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo ti gba ẹlòmíì sípò ẹ̀."

Mo rí i pé ìyá wa gbọ́ ọ, pé ó wọ̀ ọ́ létí, pé kò sì dùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bóyá àwọn ọmọ ti gba ọlidé. Mo dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀, mo sì lọ sílé mi.

Ìyá wa fúnra rẹ̀ ló ròyìn fún mi bí àwọn ọ́fíìsì owó-orí ṣe wá wo àgbàlá, nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti múra. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ má wá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó fi tapólì bo ẹ̀rọ, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó ya lábíyá. Ó gbé ìyá wa wá pẹ̀lú, ìyẹn náà jókòó sórí àga gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ọkọ̀. Ọmọbìnrin kan ni ọ́fíìsì owó-orí rán wá, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ká tapólì kúrò, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ó sì tètè gbé e kúrò, nítorí ẹ̀rọ náà ṣì gbóná. Ó rìn lọ sídìí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sínú oòrùn. Wọ́n ṣì rin, èyí tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn tiẹ̀ ń kán omi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ti aládùúgbò ni. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí ìyá wa. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó kí ìyá dáadáa, ó sì ṣàlàyé fún un pé tó bá jẹ́ òun ló ni típà méjèèjì, kò burú, òun á kọ orúkọ ìyá sílẹ̀ láti máa san owó-orí lórí ohun tí wọ́n ń pa wọlé, títí kan ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ìyá wa ní, "Èmi? Ọkọ̀ wo?"

Ó ní òun ò mọ ọkọ̀ wà, òun ò gùn ún rí, pé kí ọmọ òun má kó òun sí wàhálà. Bí ìyá wa ṣe ń sọ ọ́ fún mi, kò tijú. Mo gbìyànjú láti bínú sí i, mi ò lè ṣe é. Ìyá tó ní kí n bo ẹ̀gbọ́n mi láṣìírí, ìṣẹ́jú kan péré ló fi tú àṣírí náà.

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn aláìní. Ó san ti ọdún mẹ́ta, ó dá gbogbo ohun tó yọ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ padà sínú àpò ìlera, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ó ta típà kan. Fún oṣù mẹ́jọ, kò bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá wọ pálọ̀ ìyá wa, ó máa rántí ibòmíì tó ń lọ.

Jẹ́jẹ́ ò padà sí àgbàlá yẹn. Ó wá kí mi ní ojú fèrèsé, ìka mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbá nǹkan mú díẹ̀díẹ̀. Ó ti rí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ti ń ta ìlẹ̀kùn, òun ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù náà tó ń tì í. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un pé ọmọ ìyá ni èmi àti ọ̀gá rẹ̀. Kò kí mi kú iṣẹ́, kò sì bú mi. Ó ní, "Níbi tí mo wà báyìí, wọ́n ń yọ owó ìlera níbẹ̀ náà. Mo ti bá wọn dé ọ́fíìsì owó-orí, mo ti rí orúkọ mi." Ó fi ọwọ́ tó dáa sábẹ́ èyí tí ò dáa, ó sì lọ síbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe fún un.

Lóṣù kẹsàn-án ni mo gbójú sókè lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tí mo rí ẹ̀gbọ́n mi nínú ọgbà ọsibítù. Ó ti ká kò, ó di ẹ̀gbẹ́ mú, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Òkúta inú kíndìnrín ni, bá a ṣe wá mọ̀ nígbà tó yá. Nínú ìrora yẹn náà, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó nà sí mi láti ojú fèrèsé kó tó kí mi. Risíìtì owó-orí rẹ̀ ni.

Ó ní kí n jẹ́ kí òun wọlé ṣáájú. Mo ní, "Èèyàn mẹ́rin ló wà níwájú yín."

"Owó mi ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí," ló wí.

Mo sọ fún un pé a kì í gba risíìtì níbí. Mo bi í pé, "Kí ló ń ṣe yín?" Mo kọ ohun tó sọ, mo ké sí nọ́ọ̀sì kó fún un ní abẹ́rẹ́ apàrora, bá a ṣe máa ń ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá ká kò, mo sì ní kó lọ jókòó. Orí bẹ́ńṣì tó kún yẹn, ẹ̀gbẹ́ ìyá tó ń fọṣọ nìkan ló ṣófo. Abẹ́rẹ́ ràn án, ẹnu rẹ̀ sì là. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá náà pé òun wà lára àwọn tó ń gbé ọsibítù yìí ró, ó ń sọ iye tó ń san lọ́dún fún un. Ìyá náà la ẹnu sílẹ̀. Ó ní ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á fi kún un fún yín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tó ti wọ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń gbàdúrà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe àmín. Àmín tó dún ketekete ló ń ṣe, kí gbogbo bẹ́ńṣì lè gbọ́.

Ọjọ́ méjì ló lò lọ́dọ̀ wa. Wọ́n fọ́ òkúta náà, wọ́n fún un lóògùn, kò san nǹkan kan, ìyẹn sì ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó tún wá sí ojú fèrèsé mi. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi sọ ohun kan tó jọ mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ìwé ẹ̀sùn ló mú wá, ojú ìwé méjì gbáko. Ó kọ ọ́ pé ìrọ̀rí tí wọ́n gbé sábẹ́ orí òun fẹ́lẹ́ jù, pé kò yẹ kí wọ́n máa ná owó aráàlú ní ìnákúnàá nígbà tí ìrọ̀rí rí báyìí. Ó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé òun jẹ́ asanwó-orí pàtàkì.

Ó dúró kí n kà á tán. Mo kà á tán. Mo ní wọ́n á dá a lóhùn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, mo fi sínú fáìlì, mo sì pe ẹni tó kàn.